Sundew nínú àpótí gíláàsì n'Ílọrin: ṣé ooru ló ń pa á ni àbí omi?

Ìbéèrè:

Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí, Tánkẹ̀ ni mo ń gbé. Mo ra sundew mẹ́ta, ewéko kékeré tó ń fi ìrì tó ń lẹ̀ lára ewé ẹ̀ mú kòkòrò jẹ, lọ́wọ́ ẹnì kan l'Ékòó, irú capensis méjì, irú spatulata kan. Mo wo fídíò, wọ́n ní inú àpótí gíláàsì tí a dé pa ni kí n gbé e sí, kí n tan gílóòbù lé e lórí kó lè móoru, mo sì ṣe bẹ́ẹ̀. Ní báyìí ìrì ara ewé ti gbẹ tán, ewé sì ti ń dúdú láti etí wọlé. Ọ̀rẹ́ mi ní Ìlọrin ti gbóná jù fún un, pé kí n tètè fi ránṣẹ́ sí ẹni tó bá wà ní Jọ́ọ̀sì. Ṣé òótọ́ ni? Báwo ni mo sì ṣe lè sọ ọ́ di púpọ̀ kí èyí tó wà nílẹ̀ tó kú? Omi bọ́hòòlù ilé wa ni mo ń bu sí i o, ó mọ́ dáadáa, òun náà la ń mu.

———

Àbúrò, ibi tí o parí ọ̀rọ̀ sí yẹn gan-an ni àìsàn wà. Omi bọ́hòòlù. Ìdérí, gílóòbù, ooru, gbogbo wọn ní ẹjọ́ tiwọn, a máa débẹ̀, ṣùgbọ́n omi yẹn ló ń jó o láti ìdí.

Omi tó mọ́ lójú yàtọ̀ sí omi tí kò ní nǹkan nínú. Àpáta ló wà lábẹ́ Ìlọrin yìí, omi tó bá sì ti pẹ́ nínú àpáta á kó kálísíọ́mù àti oríṣiríṣi iyọ̀ mọ́ra. Àwa ń mu ún, kò ṣe wá ní nǹkan kan. Sundew ní tiẹ̀, ibi tí òjò ti fọ ilẹ̀ títí tí ilẹ̀ ò fi ní ọ̀rá kankan mọ́ ló ti wá, ìdí tó fi ń mú kòkòrò jẹ nìyẹn, gbòǹgbò rẹ̀ ò mọ bí wọ́n ṣe ń bá iyọ̀ gbé. Èyí tó tún burú níbẹ̀ ni pé omi inú ike tí o gbìn ín sí ń gbẹ lójoojúmọ́, iyọ̀ ò gbẹ, o tún bu òmíràn sí i, iyọ̀ tún lé sí i, kó tó ṣe díẹ̀ ohun tó wà nínú ike yẹn ti ju ohun tó wà nínú bọ́hòòlù lọ fíìfíì.

Mítà kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní TDS, kò wọ́n, ó máa sọ iye nǹkan tó yòrò sínú omi fún ẹ. Sundew fẹ́ kó wà lábẹ́ 50. Omi bọ́hòòlù tó ń kọjá 200 pọ̀ ní àdúgbò wa.

Ohun tí wàá ṣe lónìí: ṣí ìdérí yẹn. Pa gílóòbù tó ń gbóná yẹn. Wá omi òjò, gbé ike sórí bàsíà, da omi náà sí i láti òkè kó ṣàn gba ìsàlẹ̀ jáde, tún un dà, tún un dà, kí o da ohun tó ṣàn jáde nù. Má fọwọ́ kan àárín rẹ̀. Ewé tó ti dúdú ò ní padà di tútù, má retí ẹ̀, àárín ni kí o máa wò. Tí ewé tuntun bá yọ jáde, tó sì ní ìrì lórí, ó ti yè é.

———

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ omi máa dá ìjà sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n kó ohun tí ẹ ń sọ jọ kí n tó fèsì.

Àwọn kan ní kó sè é. Tí o bá se omi, omi ló máa fò lọ, iyọ̀ ń bẹ níbẹ̀, àfi bí ẹni tún fún un lágbára. Àwọn kan ní kó bu ú sílẹ̀ mọ́jú. Ìyẹn wúlò fún kílóríìnì omi ẹ̀rọ, kò kan kálísíọ́mù. Àǹtí tó wà ní Gáà-Àkànbí ní píọ̀ wótà ni òun ń lò láti ọdún tó kọjá, kò sì ṣe tiwọn ní nǹkan kan. Àǹtí, mo gbà fún yín, ṣùgbọ́n píọ̀ wótà ò jọra. Ẹlòmíràn ń fi ẹ̀rọ tó ń yọ iyọ̀ kúrò ṣe é lóòótọ́, ẹlòmíràn kàn sẹ́ bọ́hòòlù ni, ó pa kòkòrò inú ẹ̀, ó dì í sí ọ̀rá. Méjèèjì dára lẹ́nu. Ẹ ti mítà bọ ọ̀kan nínú àpò kí ẹ tó bu ìyókù.

Omi AC: mo ń lò ó, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní nǹkan kan nínú, ṣùgbọ́n tí AC yẹn bá ti pẹ́ tí wọn ò fọ̀ ọ́, ìdọ̀tí ara irin á bá a wá. Ẹ fi aṣọ funfun sẹ́ ẹ, ẹ wọ̀n ọ́n.

Ẹ̀gbọ́n Ọ̀fà ní omi bátìrì. Òótọ́ ni, omi tí wọ́n fi ń kún bátìrì mọ́tò, omi tí wọ́n ti yọ gbogbo nǹkan kúrò nínú ẹ̀ ni. Àmọ́ ẹ̀gbọ́n, ẹ bá wa fi kún un pé ṣọ́ọ̀bù kan náà ló ń ta ásíìdì, tí ike wọn sì lè jọra! Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí ara ike, tí wọn ò bá kọ nǹkan kan sí i, ẹ má rà á. Ọmọ ń bẹ nílé.

Òjò ló ju gbogbo ẹ̀ lọ. Láti oṣù kẹrin sí oṣù kẹwàá òjò ń rọ̀ fún wa lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ̀yin náà ẹ wo bí dúrọ́ọ̀mù ṣe ń kún lábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀. Òjò àkọ́kọ́ tó fọ eruku ẹ̀ẹ̀rùn kúrò lórí páànù, ẹ jẹ́ kó lọ. Tó bá ti rọ̀ bíi mélòó kan, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í gbè é sí kẹ́ẹ̀gì, ẹ dé e pa, ẹ gbé e sí ibi tí oòrùn ò ti ní í rí i, kí nǹkan aláwọ̀ ewé tó ń yọ̀ yẹn má hù nínú ẹ̀. Ẹni tó bá kó kẹ́ẹ̀gì pamọ́ nínú oṣù kẹsàn-án ò ní máa sáré kiri nínú oṣù kejì.

———

Ó yá, ọ̀rọ̀ ooru. Ọ̀rẹ́ ẹ tó ní Jọ́ọ̀sì yẹn, kò parọ́ tán, kò sì sọ òótọ́ tán.

Àwọn tó ń ṣe fídíò tí o wò, ìlú òtútù ni ọ̀pọ̀ wọn wà. Yìnyín ń bọ́ níta, ẹ̀rọ ìmúlé-gbóná ń gbẹ afẹ́fẹ́ inú ilé, torí náà wọ́n ní láti dé àpótí pa, kí wọ́n tan iná, kí wọ́n tẹ́ nǹkan tó ń gbóná sábẹ́ ẹ̀. Ooru tí wọ́n ń fowó rà yẹn, àwa ń sá fún un. Nínú oṣù kejì sí ìkẹrin, dìgírì 35 kì í ṣe ìròyìn n'Ílọrin, ó sì ń kọjá bẹ́ẹ̀. Tí o bá wá mú gíláàsì, o dé e, o tan gílóòbù lé e, o tún gbé e sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé tí oòrùn ọ̀sán ń gbà wọlé, kí lo rò pé ó máa ṣẹlẹ̀ sí ohun tó wà nínú ẹ̀? Ti tẹmómítà bọ inú ẹ̀ ní aago méjì ọ̀sán kí o wò ó fúnra ẹ.

Nítorí náà àpótí gíláàsì ò burú, ìdérí ló burú. Tèmi, gíláàsì fèrèsé lúfà àtijọ́ ni mo ní kí oníṣẹ́ gíláàsì kan ní Táíwò fi sílíkóònù lẹ̀ pọ̀ fún mi, òkè ẹ̀ ṣí sílẹ̀, mo kàn ń fa gíláàsì kan lé e ní ìdajì nígbà tí mo bá fẹ́. Ọ̀rinrin ń dúró nísàlẹ̀, ooru ń gba òkè jáde.

Èkejì ni irú sundew tí ẹ rà. Ibẹ̀ ni mo ti ń bá ọ̀pọ̀ yín jà. Wọ́n á ní "sundew" bíi pé ẹyọ kan ni. Ó lé ní igba irú tó wà láyé! Capensis, Gúúsù Áfíríkà lápá Cape ló ti wá, ibi tí òtútù ti ń mú díẹ̀, ó lágbára, ó ń fara da tiwa, ṣùgbọ́n oṣù kẹta máa ń nà án ní ẹgba. Spatulata rọrùn jù ú lọ. Burmannii fẹ́ràn ooru gan-an, tòun ti pé ó kéré. Indica ń hù fúnra ẹ̀ ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà wa níbí, ibi tí omi ti ń sun lórí iyanrìn nígbà òjò, ọdún kan ṣoṣo ló ń lò, tí ilẹ̀ bá gbẹ ó ti fi hóró sílẹ̀. Adelae, inú igbó òjò Queensland ní Ọsirélíà ló ti wá, kò fẹ́ oòrùn gan-gan, ó fẹ́ òjìji àti ọ̀rinrin. Schizandra àti prolifera náà ibẹ̀ ni wọ́n ti wá, àmọ́ àwọn ìyẹn ò fẹ́ kó gbóná jù, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi wọ́n sílẹ̀ fún ẹni tó ní AC tó ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru.

Rotundifolia ńkọ́? Ẹ má rà á. Ó gbọ́dọ̀ rí òtútù kó fi sùn lọ́dọọdún, tí kò bá rí i á rẹ̀ ẹ́ títí á fi kú. Ẹni tó bá ń tà á fún yín n'Ílọrin fẹ́ gba owó yín lásán ni.

Àwọn tó wá jẹ́ ọmọ ilé wa gan-an, àwọn ìdílé petiolaris ni: paradoxa, ordensis, falconeri, lanata, derbyensis. Àríwá Ọsirélíà ni wọ́n ti wá, apá ìlú Darwin àti agbègbè Kimberley, òjò oṣù mélòó kan, ẹ̀ẹ̀rùn oṣù mélòó kan, ooru ní gbogbo ìgbà. Ṣé ẹ ò rí i pé Kwara lẹ ń gbọ́ yẹn? Irun funfun tó bo ewé àwọn kan nínú wọn ló ń bá wọn dá oòrùn padà tó sì ń pa omi wọn mọ́. Àwọn òyìnbó ń sunkún lórí wọn torí pé ilé wọn ò gbóná tó, àwa sì ń ra capensis ká fi gílóòbù jó o. Àǹfààní tí Ọlọ́run fi sí wa lọ́wọ́ la ò lò.

———

Ẹ̀gbọ́n Ọ̀fà tún ní àwọn ò lo gíláàsì kankan, abẹ́ igi lẹ́yìnkùlé ni tàwọn wà, ó sì ń ṣe dáadáa, pé gíláàsì yìí fààjì lásán ni.

Láti oṣù karùn-ún sí ìkẹwàá, mo wà lẹ́yìn ẹ̀gbọ́n. Gbé e síta, jẹ́ kí òjò rọ̀ sí i, jẹ́ kí kòkòrò wá bá a, yóò dùn ún mọ́ra ju inú yàrá lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n, ọyẹ́ ńkọ́? Nígbà tí ètè èèyàn ń là, tí aṣọ tí a sá ń gbẹ kí a tó padà wọlé, ìrì wo ló máa dúró lórí ewé kékeré yẹn? Ìgbà yẹn gan-an ni àpótí gíláàsì wúlò n'Ílọrin, kì í ṣe fún ooru, fún ọ̀rinrin ni. Mo máa ń bò ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tán láti oṣù kọkànlá, máa fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ gbà, máa gbé ike sínú àwo omi tó ga díẹ̀, máa tún gbé agolo omi kan síbẹ̀ lọ́tọ̀. Tí ìrì bá ṣì gbẹ díẹ̀ nígbà ọyẹ́, ẹ má dààmú, tí ewé bá ṣì tutù kò kú. Àwọn petiolaris mìíràn tiẹ̀ lè kó ewé wọn jọ kí wọ́n sùn. Ẹ má wú wọn sọnù o.

Ẹ yéé fín omi sí i ní ọ̀sán gangan. Ìrì yẹn kì í ṣe omi lásán, òun fúnra ẹ̀ ló ń ṣe é látinú irun ewé, tí ẹ bá fín omi sí i ẹ ń fọ̀ ọ́ dànù ni.

———

Iná. Kúkúrú ni màá sọ èyí torí pé gbogbo wa la mọ ibi tí bàtà ti ń ta wá lẹ́sẹ̀.

LED funfun lásán tó, kò gbọdọ̀ jẹ́ gílóòbù pupa-pupa tó ń gbóná yẹn. Wákàtí 12 sí 14 lóòjọ́. Tí ewé bá ní ìrì dáadáa tó sì pọ́n díẹ̀, iná tó. Tó bá ń nà gbọọrọ, tó funfun ràndánràndán, tí kò sí ìrì, iná ò tó. Adelae ni ẹ ò gbọdọ̀ fi pípọ́n wọ̀n.

Tí iná ìjọba bá lọ fún ọjọ́ méjì, ọjọ́ mẹ́ta, kì í pa á. Ẹnì kan ní òun ń tan jẹnẹrétọ̀ nítorí ewéko. Ó dáa. Ẹ gbé e sí fèrèsé tó kọjú sí ìlà-oòrùn kó jẹ oòrùn àárọ̀, kí ẹ sì fi owó epo yẹn ra gààrí.

———

Bọ̀ọ̀dá kan béèrè ilẹ̀ tí èèyàn máa lò, ó ní òun po ilẹ̀ dúdú mọ́ ìgbẹ́ adìyẹ. Háà. Bọ̀ọ̀dá, tẹ̀tẹ̀ lẹ fẹ́ gbìn ni.

Kò sí ilẹ̀ dúdú, kò sí ìgbẹ́, kò sí fátíláísà kankan. Peat moss (ewéko ilẹ̀ àbàtà tó ti jẹrà tó sì ti gbẹ) àti iyanrìn ní ìlàjì-ìlàjì, tàbí peat moss àti perlite (òkúta funfun wẹ́wẹ́ tó fúyẹ́). Ẹ ka ara àpò peat dáadáa, àwọn kan ti po ajílẹ̀ mọ́ ọn láti ilé iṣẹ́. Iyanrìn odò dára tó bá jẹ́ èyí tó ń dán, tó le, ẹ fọ̀ ọ́ títí omi ẹ̀ á fi mọ́ kedere, ẹ fi omi òjò ṣe ìfọ̀ ìkẹyìn. Iyanrìn etí òkun, rárá, iyọ̀ ni.

Peat wọ́n, mo mọ̀, Èkó la ti ń rà á. Ìyẹn ló jẹ́ kí àwọn kan máa lo háhá àgbọn. Ó ṣeé lò, ṣùgbọ́n iyọ̀ pọ̀ nínú ẹ̀, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi òjò, ẹ fún un, ẹ dà á nù, ẹ tún un rẹ, títí mítà á fi sọ pé ó ti mọ́. Ẹni tí kò bá ní mítà kó má gbìyànjú ẹ̀.

Ọ̀kan nínú yín dámọ̀ràn ìkòkò amọ̀, pé ní Òkèlele àwọn ìyá wa ní Dàda ṣì ń mọ ọ́n, pé á jẹ́ kí gbòǹgbò tutù. Èrò yẹn dùn mọ́ mi nínú torí pé àwa náà mu omi àmù dàgbà, a mọ bó ṣe ń tutù. Àmọ́ ìdí tó fi ń tutù ni pé omi ń gba ara ẹ̀ jáde, ibi tí omi bá gbà jáde iyọ̀ á dúró síbẹ̀, amọ̀ fúnra ẹ̀ náà sì ń tú nǹkan sínú omi. Ike ni kí ẹ gbìn ín sí. Tí ẹ bá fẹ́ jẹ àǹfààní ìkòkò, ẹ bomi sínú ìkòkò lọ́tọ̀, ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ àpótí.

———

Oúnjẹ. Wàláhì mo rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan fi súyà bọ́ ọ. Ẹlòmíràn ní ọmọ òun fi wàrà sí i lórí ewé, ọjọ́ kejì ó ti bu.

Ẹni tó fi súyà bọ́ ọ wá ń fi Charles Darwin jà, pé Darwin tó gbé ìwé jáde lórí ewéko tó ń jẹ kòkòrò ní 1875 fi ẹran àti mílíìkì sí ara sundew, ewé sì ká mọ́ ọn. Òótọ́ ni, ó ṣe é. Ṣé Darwin fi yàjì sí i? Iyọ̀, ata, òróró, gbogbo ẹ̀ ń jó ewé. Ìdánwò ló ń ṣe, ẹyọ tó kéré jọjọ ló ń lò, ewé mìíràn sì tún kú lọ́wọ́ ẹ̀.

Ohun tó dáa jù ni kantíkantí. Ẹ fi èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ lálẹ́, tó bá di àárọ̀ wọn á ti há. Ẹ̀fọn náà ń há. Tí kò bá sí kòkòrò, ẹ lọ oúnjẹ ẹja kúnná, ẹ fi igi ìtayín tó tutù mú díẹ̀ sí ewé kan tàbí méjì, kì í ṣe gbogbo ewé. Ọ̀sẹ̀ méjì-méjì tó. Capensis á fi wákàtí díẹ̀ ká ewé mọ́ ọn, burmannii ní tiẹ̀ yá jọjọ, irun etí ewé ẹ̀ ń ṣẹ́ wọlé ká tó ṣẹ́jú mélòó kan. Àwọn ọmọ àdúgbò mi ń wá wò ó bí ẹni ń wo bọ́ọ̀lù.

Àǹtí Ìpàtà tó ní ìyàwó lándílọ́ọ̀dù àwọn ní kí wọ́n gbé e jùnù, pé ewé tó ń jẹ ẹran, oògùn ni: ẹ pè é wá wò ó ní àárọ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí i. Èyí tó wá wo tèmi, ó béèrè bóyá ó lè gba ọ̀kan sí ilé ìdáná ni.

Ẹ ṣọ́ eèrà o. Àwọn kékeré máa há, àwọn ńlá máa wá jí kòkòrò tó ti há kó lọ. Ẹsẹ̀ tábìlì nínú agolo omi, ó parí.

———

Ohun kan wà tí ẹnikẹ́ni nínú yín ò tíì dárúkọ. Àwo omi tí a ń gbé ike sí, ibẹ̀ ni ẹ̀fọn ń yé sí. Ẹ wò ó dáadáa, tanwíjí ń jó nínú ẹ̀. Ẹ̀yin tó ń sọ pé sundew máa bá yín jẹ ẹ̀fọn ilé tán, kò lè jẹ ẹ̀ tán, àwo abẹ́ ẹ̀ sì lè bí ju èyí tó jẹ lọ. Ìbà kì í ṣe eré. Ẹ da omi àwo nù ní ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ẹ nù ún, ẹ bu òmíràn. Ẹ má jẹ́ kó ju ọ̀sẹ̀ kan lọ, torí pé nínú ooru wa yìí tanwíjí ń tètè di ẹ̀fọn.

———

Ó yá, ìbéèrè kejì, sísọ ọ́ di púpọ̀. Èyí ni mo fẹ́ràn jù, màá sì pẹ́ níbẹ̀.

Àbúrò, o ní kí èyí tó kú. Tí ewé tútù bá ṣì kù lára ẹ̀, bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ewé tó ti dúdú ò lè bímọ, má fi ṣòfò.

Capensis: gé ewé kan tó dàgbà tó sì le, kì í ṣe èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tú, kì í ṣe arúgbó. Gé e sí ọ̀nà méjì tàbí mẹ́ta. Spatulata: má gé e, fà á sí ìsàlẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kó ja láti ìdí, kí funfun ìdí ewé bá a wá, torí ọ̀pọ̀ ìgbà ibẹ̀ ló ti ń hù.

Ibi tí a máa fi sí ni àríyànjiyàn. Àwọn kan ní orí peat, kí a tẹ́ ewé sílẹ̀, kí irun ẹ̀ kọjú sókè, àwọn kan ní kí irun kọjú sísàlẹ̀. Ìjà yẹn ò ṣe mí ní nǹkan kan, kó ṣáà ti fara kan ilẹ̀ dáadáa, á hù. Èmi ò tiẹ̀ lo peat. Omi òjò nínú ike tó ń dán gbayau, ewé á máa léfòó lórí ẹ̀, mo dé e, mo gbé e sábẹ́ LED tàbí ibi tó mọ́lẹ̀ tí oòrùn ò kàn án ní tààrà. Ó ní ìdí tí mo fi yàn án: peat wọ́n, ó sì ń bu nínú ooru wa, inú omi sì ni mo ti ń rí ohun tó ń lọ. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́jọ, wàá rí kókó kéékèèké aláwọ̀ ewé lára ẹ̀, àwọn ọmọ nìyẹn. Tí omi bá di aláwọ̀ ewé, pààrọ̀ ẹ̀. Ewé tó bá rà, yọ ọ́ kúrò láàárín àwọn tó kù. Má fi oògùn tó ń mú gbòǹgbò jáde sí i, kò nílò ẹ̀.

Tí ọmọ bá ti ní ewé bíi mẹ́rin pẹ̀lú gbòǹgbò díẹ̀, fi igi ìtayín gbé e sórí peat tó rin. Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń pàdánù, wọ́n á gbé e kúrò nínú omi lọ́sàn-án, wọ́n á gbé e síta gbangba, ó di alẹ́ ó ti rọ. Bò ó pẹ̀lú ọ̀rá tó ń dán fún ọjọ́ mélòó kan, kí o wá máa ṣí i díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì.

Adelae yàtọ̀. Gbòǹgbò ló fi ń bímọ. Tó bá ti pẹ́ nínú ike, fúnra ẹ̀ ló máa bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọmọ káàkiri. Tí o bá ń kánjú, gé gbòǹgbò dúdú tó nípọn, tó gùn tó ìka ọwọ́ díẹ̀, tẹ́ ẹ sílẹ̀, bo peat díẹ̀ lé e. Má dúró de hóró ẹ̀, kì í sábà yọ fún ẹni tó ní ẹyọ irú kan.

Burmannii àti indica, hóró ni, ẹ má fi ewé wọn dá ara yín láàmú. Wọn kì í pẹ́ láyé, torí náà ẹni tí kò bá kó hóró wọn jọ, ọdún tó ń bọ̀ kò ní nǹkan kan. Inú wọn dùn láti gba ara wọn lóyún, ẹ ò ní ṣe iṣẹ́ kankan. Petiolaris ní tiwọn, tí wọ́n bá ti pọ̀ nínú ike kan, ẹ tú wọn sí wẹ́wẹ́, ìyẹn ló rọrùn jù, torí ọ̀pọ̀ nínú wọn ò ní so hóró àfi tí ẹ bá ní oríṣi méjì tí kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà.

Hóró sundew dà bí aáṣà. Tí o bá ń gbọ̀n ọ́n jáde, pa fáànù! Bó bá ṣe bọ́ sórí peat ni kí o fi sílẹ̀, má bo ilẹ̀ lé e, ìmọ́lẹ̀ ló fi ń hù. Gbé ike sínú àwo omi, má da omi lé e láti òkè, bò ó pẹ̀lú ọ̀rá, kí o máa ṣí i díẹ̀ lójoojúmọ́ kó má bu. Ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́fà. Ti ilẹ̀ olóoru ò nílò fíríìjì kankan kó tó hù, ẹni tó ní kí a kọ́kọ́ gbé hóró sí fíríìjì yẹn, ti ilẹ̀ òtútù ló kà. Fíríìjì wúlò láti fi pa hóró mọ́ ni: wé e sínú bébà, fi sínú ike gbígbẹ, kó má rí ọ̀rinrin.

Ìgbà tó dáa jù? Oṣù kẹrin tàbí ìkarùn-ún, nígbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀. Omi wà, afẹ́fẹ́ rọ̀, àwọn ọmọ á ti lágbára kí ọyẹ́ tó dé.

———

Ẹni tó wà ní Òmù-Àrán ní òun fẹ́ gba capensis lọ́wọ́ mi, ó ń béèrè bóyá kí n gbé odindi ẹ̀ wá. Rárá o, mọ́tò á gbò ó pa. Ewé ni màá fi ránṣẹ́. Màá wé e sínú tíṣù tó rin, kì í ṣe èyí tó ń kán tótó, màá fi sínú ọ̀rá, màá fẹ́ atẹ́gùn díẹ̀ sí i, màá di í, màá kó o sínú ike líle. Àárọ̀ kùtù ni màá gbé e lọ sí gáréèjì kí oòrùn tó mú. Kí ẹ sọ fún dẹ́rẹ́bà lórí fóònù pé abẹ́ ìjókòó ni kó fi sí, kó má fi síwájú níbi gíláàsì o. Kí ẹ sì ti gbé omi òjò sílẹ̀ nínú ike kí mọ́tò tó dé, kó jẹ́ pé bí ẹ bá ṣe tú u ni ẹ máa da ewé sí i.